Ìjì òòfà ilẹ̀ àti cosmic ray: ṣé ó ń gbé e wá bá wa ni àbí ó ń gbá a lọ?

ỌmọAlárè_Òde
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹni tó mọ físíìsì dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí ó ti dá ẹkún sílẹ̀ nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Lálẹ́ ọjọ́ Tuesday ẹnì kan fi mẹ́sééjì kan ránṣẹ́ sí ìyá mi lórí WhatsApp, mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ti rí i rí, pé láti aago méjìlá ààbọ̀ òru sí aago mẹ́ta ààbọ̀, cosmic ray láti Mars máa gba ẹ̀gbẹ́ ayé kọjá, kí kálukú pa fóònù ẹ̀ kó má gbé e sí tòsí ara, pé NASA àti BBC ló kéde ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n tún wá fi kún un pé ìjì òòfà ilẹ̀ ló ń gbé e bọ̀. Ìyá mi kó fóònù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nílé jọ, wọ́n pa gbogbo ẹ̀, wọ́n fi ìborùn wé e, wọ́n kì í sínú garawa gaàrí, wọ́n dé e pa.

Àbúrò mi obìnrin wà ní Ìbàdàn, oṣù ẹ̀ ti pé. Aago méjì òru kọjá díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ọkọ ẹ̀ pè wá lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá, kò wọlé. Ó bí ní ìdájí, ọkùnrin ni, tìyátọmọ ń ṣe dáadáa, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àtàárọ̀ yẹn ni ìyá mi ò ti jẹun dáadáa, torí ọmọ wọn ń pè wọ́n lórí ìkúnlẹ̀, wọn ò sì gbọ́.

Mo ti wò ó lórí Google, mo rí i pé irọ́ ni mẹ́sééjì yẹn, ó ti ń yí ká láti ọjọ́ tó pẹ́. Ohun tí mi ò lè dáhùn ni ohun tí ìyá mi bi mí. Wọ́n ní: "Ṣé ìjì òòfà wà lóòótọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní: "Cosmic ray yẹn ńkọ́?" Mo ní òun náà wà. Wọ́n ní: "Tí méjèèjì bá wà, báwo lo ṣe wá mọ̀ pé ọ̀kan ò ní gbé èkejì wá?" Mo dákẹ́. Ẹ bá mi dá màmá lóhùn.

TíṣàFísíìsì_Ìkẹ́nnẹ́
Ọmọ mi, ẹ kú oríire, Ọlọ́run á wo ọmọ tuntun. Bá mi kí màmá, sọ fún wọn pé ìyá tó fẹ́ dáàbò bo ilé ẹ̀ ni wọ́n, ẹni tó kọ mẹ́sééjì yẹn ló jẹ̀bi. Mo fi físíìsì kọ́ ọmọ fún ọdún 31 kí n tó fẹ̀yìn tì, ìbéèrè màmá yìí sì dáa ju ọ̀pọ̀ èyí tí mo gbọ́ nínú kíláàsì lọ.

Àkọ́kọ́ ná, cosmic ray, ìyẹn àwọn ẹ̀rún tíntìntín tó ń sáré wá láti òde òfuurufú, kì í ṣe àlejò tó ń dúró de aago méjìlá ààbọ̀. Tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ẹ báyìí, kọjú ẹ̀ sókè, kí o wá máa kà á, ení, èjì, ẹ̀ta, bí ìṣẹ́jú àáyá ṣe ń lọ. Bí o ṣe ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹn, nǹkan bí ẹ̀rún kan ti gba inú àtẹ́lẹwọ́ yẹn kọjá lọ sílẹ̀. Muon ni wọ́n ń pè é, ọmọ tí cosmic ray ń bí nígbà tó bá forí sọ afẹ́fẹ́ lókè réré. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbà wá kọjá lọ́sàn-án lóru kí wọ́n tó bí màmá. Victor Hess, ará Austria, ló wọ bàlúùnù ní 1912, ó gòkè ju kìlómítà 5 lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wọn ìtànṣán, èèyàn á rò pé bó ṣe ń jìnnà sílẹ̀ ni ìtànṣán á máa dínkù, ṣùgbọ́n bó ṣe ń gòkè ló ń pọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé òkè ló ti ń wá. Wọ́n fún un ní Nobel ní 1936.

Kì í ṣe Mars ló ti ń wá o. Òde jíjìnnà ni púpọ̀ ẹ̀ ti ń wá, láàárín àwọn ìràwọ̀, ibi tí ìràwọ̀ ńlá ti bú gbàù. Proton, ẹ̀rún kan tó máa ń wà nínú átọ́ọ̀mù, ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, tó bá jẹ́ 100, bíi 90 á jẹ́ proton. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa yìí sì wúwo tó omi tó jìn ní mítà 10, ìyẹn ni pé bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga tó kún dẹ́nu la wà. Ìyẹn ló ń gba ìyà ẹ̀ jẹ fún wa.

Ìjì òòfà wá ńkọ́. Oòrùn máa ń bì nígbà míì. Ó máa ń bì ìkùukùu gbígbóná ńlá kan jáde, òòfà tiẹ̀ sì wà nínú ìkùukùu yẹn, ó ń lò tó ọjọ́ kan sí mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Tó bá kọlu òòfà ayé, tí òòfà inú ẹ̀ sì kọjú sí òdìkejì ti ayé, òòfà ayé á máa mì, ìyẹn ni ìjì òòfà ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìkùukùu yẹn tó dé, òun náà ti ń ti cosmic ray tó wà lójú ọ̀nà ẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó bá ti lọ Ojúde Ọba rí á mọ ohun tí mò ń wí. Èrò á ti kún pápá bámúbámú, ọmọdé tó ń ta omi inú ọ̀rá á wà láàárín, ẹni tó ń ya fọ́tò á wà ńbẹ̀. Ìdílé Balógun kan á wá yọ tẹṣintẹṣin, ìbọn á dún, kíá ni gbogbo èrò á ti fà sẹ́yìn, àárín pápá á dá. Tí ẹṣin bá kọjá tán, èrò ò ní padà lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á tún máa ya wọ àárín. Bí cosmic ray ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn lọ́jọ́ ìjì. Láàárín wákàtí mélòó kan á já wálẹ̀, á wá lo ọjọ́ mélòó kan, nígbà míì ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, kó tó padà sí bó ṣe wà.

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Forbush decrease, torí Scott Forbush, ará Amẹ́ríkà, ló tọ́ka sí i ní 1937. Ó wo ẹ̀rọ tó wà ní Cheltenham nílùú wọn àti èyí tó wà ní Huancayo ní Peru, ó rí i pé lọ́jọ́ ìjì òòfà kan ní April ọdún yẹn, méjèèjì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sì jẹ́ mọ̀ pé Huancayo wà nítòsí ìlà àárín òòfà ayé bí tiwa yìí.

Torí náà sọ fún màmá pé òdìkejì ohun tí mẹ́sééjì yẹn wí ló ń ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ ìjì, cosmic ray ń dínkù ni.

POS_Igbó
Ọ̀gá tíṣà ẹ ṣeun gan-an, ó yé mi yékéyéké. Ẹ jọ̀ọ́ èmi náà ní ìbéèrè o. Mò ń ṣe POS ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọ́n yọ owó kọ́sítọ́mà mi kan, 45,000, ẹ̀rọ wá ní kò ṣe é, ọjọ́ mẹ́rin kí owó yẹn tó padà, obìnrin yẹn jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù mi lójoojúmọ́ torí owó oògùn ọkọ ẹ̀ ni. Nígbà tí mo pe ilé ìfowópamọ́, ẹni tó gbé e ní ó lè jẹ́ ìjì láti ọ̀dọ̀ oòrùn. Ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀?

TíṣàFísíìsì_Ìkẹ́nnẹ́
@POS_Igbó pẹ̀lẹ́ o. Rárá, wọn ò bá ẹ sọ òótọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ló kọṣẹ́, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ oòrùn. Cosmic ray lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́ lóòótọ́, tí ẹ̀rún kan bá kọlu ibi tí kọ̀ǹpútà ń pa nǹkan mọ́ sí, òdo kan lè di oókan. Wọ́n dìbò ní Schaerbeek ní Belgium ní May 2003, ibò olùdíje kan wá fi 4,096 lé ju bó ṣe yẹ lọ, iye yẹn sì jẹ́ èjì tí wọ́n fi èjì sọ di púpọ̀ títí tó fi pé méjìlá, ìyẹn ni wọ́n fi mọ̀ pé ẹyọ kan péré ló yí padà nínú ẹ̀rọ, cosmic ray ni wọ́n sì fura sí. Ṣùgbọ́n nǹkan tó ṣọ̀wọ́n bí ẹ̀jẹ̀ lára eṣinṣin ni. Owó tó ń há lójoojúmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Padà lọ bá wọn, bèèrè àkọsílẹ̀ owó yẹn lọ́wọ́ wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àgọ́
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti ń ka físíìsì, mo sì ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, ẹ dárí jì mí sà, mo fẹ́ fi nǹkan kún ohun tí ẹ sọ torí tá a bá dá a dúró síbẹ̀, ẹlòmíì á rò pé ìjì òòfà fúnra ẹ̀ ló ń gbá cosmic ray lọ. Kì í ṣe òun sà. Ìjì òòfà ilẹ̀ àti ìdínkù cosmic ray, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ìkùukùu oòrùn yẹn ni ìyá wọn, ṣùgbọ́n ìwà wọn ò jọra. Ohun tó jẹ́ ká mọ̀ ni pé ní 1960, ẹ̀rọ Pioneer 5 tó ti wà lójú sánmà, ibi tó jìn ju ibi tí òòfà ayé lè dé lọ, rí ìdínkù náà lọ́hùn-ún. Ibi tí òòfà ayé ò sí, ìjì òòfà ilẹ̀ ò lè sí ńbẹ̀, cosmic ray ṣì já wálẹ̀.

Ìjì òòfà ilẹ̀ gangan, iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé ó ń ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ sà. Gbogbo cosmic ray ló ní agídí tiẹ̀. Èyí tí agídí ẹ̀ kéré, òòfà ayé á tẹ̀ ẹ́, á yí i padà síta. Èyí tí agídí ẹ̀ pọ̀ á já wọlé. GV ni wọ́n fi ń ka agídí yẹn. Ní Oulu ní Finland, níbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń ka neutron (ẹ̀rún míì tí cosmic ray ń tú jáde nínú afẹ́fẹ́) láti 1964, ohun tó ní agídí 0.8 GV péré lè wọlé. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, kó tó lè já wọlé tààrà látòkè, ó gbọ́dọ̀ ju 10 lọ dáadáa. Ìdí ni pé nítòsí ìdí ayé méjèèjì, ìyẹn North Pole àti South Pole, ìlà òòfà ayé dúró ṣánṣán bí ọparun tí wọ́n gbìn sílẹ̀, ẹ̀rún kàn ń yọ̀ bọ̀rọ́ lára ẹ̀ wálẹ̀ ni. Lórí Ìjẹ̀bú níbí, ó dùbúlẹ̀ gbalaja bí ọparun tí wọ́n tò sájà ilé, ohun tó bá ń bọ̀ látòkè gbọ́dọ̀ là á kọjá. Jacob Clay, ará Netherlands, ló kọ́kọ́ rí i, ó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Java lọ sí Yúróòpù ní 1927, ẹ̀rọ ẹ̀ sì ń fi hàn pé bí ọkọ̀ ṣe ń súnmọ́ àárín ayé, ìyẹn equator, ni ìtànṣán ń dínkù.

Tí ìjì bá dé báyìí, iná mànàmáná kan á máa yí ayé ká lókè, òòfà tirẹ̀ á sì máa dí òòfà ayé lọ́wọ́. Agbára òòfà á wálẹ̀. Ìjì May 2024 yẹn, tó le jù láti 2003, ó yọ nǹkan bíi 400 nT (nanotesla, òṣùwọ̀n agbára òòfà) kúrò nínú òòfà, tiwa níbí sì jẹ́ bíi 33,000. Díẹ̀ ló fi lé ní 1 nínú 100. Àjà ò wó, ọparun kan ló yẹ̀. Torí náà àwọn tó ti fẹ́ wọlé tí agídí wọn ò tó díẹ̀, wọ́n á ríbi wọlé.

Ó sì ti ṣẹlẹ̀ nítòsí àárín ayé bí tiwa. Ooty wà ní gúúsù Íńdíà, bí a ṣe jìnnà sí àárín ayé ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ ńlá kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GRAPES-3 tó ń ka muon. Ní June 22, 2015, nígbà tí ìjì dé, muon ṣàdédé pọ̀ sí i fún nǹkan bíi wákàtí méjì, àwọn tó ṣèwádìí ẹ̀ sì kọ ọ́ jáde ní 2016 pé òòfà ayé tó rẹlẹ̀ fún wákàtí yẹn ló fà á.

TíṣàFísíìsì_Ìkẹ́nnẹ́
@Akẹ́kọ̀ọ́_Àgọ́ o ṣeun, òótọ́ lo sọ, mo gbà pátápátá. Mo so ìyá àti ọmọ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tèmi. Agídí tí o pè é yẹn dùn mọ́ mi nínú gan-an, ká ní mo ní i lọ́wọ́ nígbà tí mò ń kọ́ wọn ni, ọmọ tó yé ì bá pọ̀ sí i.

ỌmọAlárè_Òde
Ẹ dúró ná. Ṣé pé ó ń gbá a lọ, ó tún ń ṣílẹ̀kùn fún un? Èwo ni kí n sọ fún ìyá mi báyìí?

Akẹ́kọ̀ọ́_Àgọ́
Àǹtí, sọ méjèèjì fún wọn. Ìkùukùu oòrùn ń lé èrò kúrò lójúde, ìjì òòfà wá ń ṣí géètì díẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ́kù. Lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tó lé lọ ló pọ̀ ju èyí tó wọlé lọ. Ní October 2003, ẹ̀rọ àwọn ìlú tó súnmọ́ ìdí ayé já wálẹ̀ tó ìdá kan nínú márùn-ún. Níbi àárín bíi tiwa, ìdínkù náà máa ń kéré sí ìyẹn, torí àwọn alágídí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ò rọrùn lé. Èyí tó wọlé ní Ooty yẹn, ìwọ̀nba ni, ẹ̀rọ tó tóbi bẹ́ẹ̀ ló lè rí i, ara èèyàn ò lè mọ̀ ọ́n. Fóònù ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Tí o pa á o, tí o tan án o, muon á gba inú ẹ̀ kọjá, á gba inú garawa gaàrí náà kọjá.

MàmáHostess_Ìpẹ̀rù
Ẹ̀yin ọmọ mi ẹ kú ìmọ̀. Ọmọ mi obìnrin ń bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú, Lagos sí London ló ń gbà, àyà mi sì já nígbà tí mo ka ohun tí ẹ kọ yìí pé bí èèyàn bá ń gòkè ló ń pọ̀. Ṣé kí n sọ fún un kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ni?

TíṣàFísíìsì_Ìkẹ́nnẹ́
Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Òótọ́ ni pé lókè níbi tí bàlúù ń fò, bíi kìlómítà 11, ìtànṣán pọ̀ níbẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù ṣe ń ṣírò iye tí òṣìṣẹ́ inú bàlúù ń gbà lọ́dún, kó má ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀nà tí ọmọ yín ń gbà, apá kan ẹ̀ wà lábẹ́ àjà ọparun tí ọmọ Àgọ́ ṣàlàyé yẹn. Àwọn tó ń fò gba ìdí ayé kọjá, bíi Amẹ́ríkà sí China, àwọn lọ́rọ̀ náà kàn jù, pàápàá lọ́jọ́ tí oòrùn fúnra ẹ̀ bá tú proton jáde. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n máa ń yí ọ̀nà padà kúrò níbẹ̀. Tí ọmọ yín bá lóyún lọ́jọ́ iwájú, kó tètè sọ fún àwọn ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́, kí wọ́n dín fífò ẹ̀ kù.

MàmáHostess_Ìpẹ̀rù
Ẹ ṣé o. Màá sọ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn fún un lónìí.

Sọ́fíyọ̀_Ṣàgámù
Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀, torí ìjì oòrùn ń pa wá lára lóòótọ́, kì í ṣe nípa cosmic ray ni. Mo jẹ́ sọ́fíyọ̀. Lóṣù March kan a lọ wọn ilẹ̀ lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Ìkòròdú, oníilẹ̀ pẹ́ kó tó dé, ilẹ̀ ti ṣú kí n tó gbé GPS sórí pílà. Pílà tí mo ti wọ̀n láàárọ̀, tí nọ́ńbà ẹ̀ wà nínú ìwé mi, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rì mọ́lẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ lé e, ó ń sọ pé pílà ń rìn. Mítà kan síhìn-ín, mítà méjì sọ́hùn-ún, sátẹ́láìtì ń já lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ẹ̀rọ. Mo dúró wákàtí kan ààbọ̀ tí ẹ̀fọn ń jẹ mí, kò dúró sójú kan. A padà síbẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó bá ti ìwé mi mu rẹ́gí.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé láàárín ibi tá a wà yìí, afẹ́fẹ́ òkè tí oòrùn fi iná mànàmáná sí lára, tí àmì sátẹ́láìtì ń gba inú ẹ̀ kọjá kó tó dé GPS, máa ń dà rú lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, pàápàá ní March sí April àti September sí October, ọdún tí oòrùn bá sì gbóná ló máa ń le jù. Ìjì òòfà náà ń dà á rú tiẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rù nǹkan, ẹ bẹ̀rù ìyẹn, kí ẹ má ra ilẹ̀ tí wọ́n wọ̀n lálẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àgọ́
@Sọ́fíyọ̀_Ṣàgámù òótọ́ gidi lẹ sọ ẹ̀gbọ́n. Ní February 2022, Starlink, àwọn tó ń fi sátẹ́láìtì pèsè íńtánẹ́ẹ̀tì, gbé sátẹ́láìtì 49 sókè, ìjì òòfà tí kò tiẹ̀ le púpọ̀ mú kí afẹ́fẹ́ òkè wú, ó ń fà wọ́n sẹ́yìn, bíi 40 nínú ẹ̀ ló jábọ́. Cosmic ray ò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn.

Ọmọ_ÒkèẸ̀rì
Mi ò mọ físíìsì o, ìtàn ni mo fẹ́ràn. Ẹ̀yin lẹ sọ pé cosmic ray ń kọlu afẹ́fẹ́, mo sì rántí pé nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn wá sí Eredo Sùngbọ́, wọ́n ṣa èédú nínú ilẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní carbon inú ẹ̀ á sọ ọjọ́ orí ẹ̀. Eredo yìí, ẹ ò lè mọ̀ bó ṣe tóbi bí ẹ ò bá dúró nísàlẹ̀ ẹ̀. Yàrà náà yí Ìjẹ̀bú ká tó kìlómítà 160, ibòmíì ga tó mítà 20, ògiri ẹ̀ ń sun omi, ewédò bò ó, ariwo mọ́tò á dákẹ́ létí ẹ pátápátá. Ṣé carbon yẹn bá cosmic ray tan?

Akẹ́kọ̀ọ́_Àgọ́
Ó bá a tan tímọ́tímọ́. Tí cosmic ray bá kọlu afẹ́fẹ́, neutron á já jáde, neutron á bá nitrogen pàdé, ó di carbon-14. Igi á fà á wọlé bó ṣe ń mí. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé igi yẹn, kò ní gba tuntun mọ́, èyí tó wà nínú ẹ̀ á máa dínkù, lẹ́yìn ọdún 5,730 á ku ìdajì. Èédú tí àwọn baba wa dá nídìí Eredo, cosmic ray ló fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ó ṣẹ́ku èyí tó jọ mí lójú jù. Fusa Miyake, obìnrin ará Japan, gé igi kédárì àtijọ́ wò ní òrùka ọdún dé ọdún, ó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 2012. Ó rí i pé láàárín 774 sí 775, carbon-14 fò sókè lẹ́ẹ̀kan, bíi 1.2 nínú 100. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé oòrùn fúnra ẹ̀ ló tú proton dà sáyé lọ́dún yẹn, tó pọ̀ ju gbogbo èyí tí ẹ̀rọ wa ti rí rí lọ. Àwọn èèyàn wà láyé nígbà yẹn, wọ́n ń dáko, wọ́n ń bímọ, igi nìkan ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ_ÒkèẸ̀rì
Háà. Mo fẹ́ lọ dúró níbẹ̀ lọ́la pẹ̀lú ojú mìíràn.

ỌmọAlárè_Òde
Mo ti ka gbogbo ẹ̀ sí ìyá mi létí, láti òkè dé ilẹ̀. Níbi tí ọ̀gá tíṣà ti sọ̀rọ̀ ẹṣin Balógun, wọ́n ní kí n tún un kà, torí bàbá tiwọn máa ń gun ẹṣin lọ síbẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n bèèrè bóyá muon yẹn ń gba inú ọmọ tuntun kọjá náà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe gba inú àwa náà, wọ́n ní kò burú.

Wọ́n ti pe Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti àárọ̀. Ọjọ́ Tuesday la máa sọmọ lórúkọ, lálẹ́ Monday la máa sùn síbẹ̀. Fóònù wọn wà lábẹ́ ìrọ̀rí báyìí, wọ́n tan án, wọ́n sì yọ WhatsApp ẹni tó fi mẹ́sééjì yẹn ránṣẹ́ kúrò. Ẹ ṣeun, gbogbo yín.